Láyíwọlá Ń Ṣọ́ Ilé Aláìlórùlé

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sá lọ. Mo mọ̀ yín.

1.
Nígbà tí wọ́n sọ Minna di olú ìlú ìpínlẹ̀ tuntun, Láyíwọlá, káfíńtà ará Ògbómọ̀ṣọ́, ra ilẹ̀ sí àdúgbò Soje níbẹ̀. Ó fi Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ nílé pẹ̀lú oyún, ó ní bí òun bá ti kan òrùlé, òun á wá mú un.

Kò pẹ́ tó mọ ògiri tán ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé kan ní òdìkejì, katapílà sì wó o. Wọ́n ní ẹni tó ni ín ò sí ńlé, kò sẹ́ni tó bá wọn sọ̀rọ̀. Láyíwọlá búra pé wọn ò ní dé ilé tòun kí wọ́n má bá òun níbẹ̀.

2.
Ó gbé bẹ́ǹṣì iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, ó ń sùn síbẹ̀. Kò kan òrùlé, torí wọ́n lè wó o. Kò mú ìyàwó wá, torí kò sí òrùlé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn kan nínú yín ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí Lándírófà bá kọjá, àyà rẹ̀ á máa lù kì kì kì. Bí ewúrẹ́ bá fò wọlé, á dìde fùú. Abọ́sẹ̀dé bímọ, orúkọ Abímbọ́lá ló fi rán dírẹ́bà sílé, òun ò lọ síbi ìkómọ. Ní gbogbo Kérésì, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ á kún inú lọ́rì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Láyíwọlá á máa juwọ́ sí wọn.

Ìyá Jẹ̀lílì, ará Ìlọrin tó ń dín àkàrà kósáì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bá a sọ ọ́.

“Bàbá Abímbọ́lá, ẹ lọ wo ọmọ yín. Wallahi, tí wọ́n bá wá, kí wọ́n tó wó ilé yín, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ wó.”

“Ẹ ṣé, Màmá. Ojú ẹni la fi ń ṣọ́ ohun ẹni.”

3.
Lọ́dún karùn-ún, bó bá ń fa ayùn, àyà á fún un pinpin. Ìyá Jẹ̀lílì ló wọ́ ọ lọ sọ́sibítù. Dókítà Bẹ̀llò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó bi í pé ta ni wọ́n jọ ń jẹun. Láyíwọlá ní òun nìkan ni.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn iṣan kan wà lára tó dà bíi mẹ́gádì. Bí ewu bá dé, wọ́n á kìlọ̀: àyà á sáré, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á fún. Bí ewu bá lọ, ó yẹ kí wọ́n jókòó. Tiyín ò tíì jókòó láti ọdún márùn-ún. Ògiri ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yín ti ń nípọn, ó ti ń le, ọ̀rá sì ti ń ríbi lẹ̀ mọ́. Mo fún yín lóògùn, àmọ́ ẹ wá èèyàn bá yín gbé.”

“Ó kù díẹ̀, Dókítà.”

4.
Ìwé àṣẹ ilẹ̀ náà, tó fi hàn pé wọn ò ní wó o mọ́, padà jáde. Láyíwọlá kan òrùlé, ó ránṣẹ́ pe Abọ́sẹ̀dé àtọmọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n dé, ó ń kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan ti dí nínú orí. Ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Jẹ̀lílì tó rí i nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ iye wákàtí tó ti wà níbẹ̀.

Abọ́sẹ̀dé dé, ó bá a lórí ẹní, apá ọ̀tún ti kú, ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Màmi, ta ni bàbá yìí?”

Láyíwọlá gbọ́. Ẹnu rẹ̀ mì, itọ́ ló jáde. Abọ́sẹ̀dé fi gèlè nù ún.

“Bàbá ẹ ni. Kí wọn.”

Abímbọ́lá kí i bí wọ́n ṣe ń kí àlejò, ó sì padà sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ẹ ti dákẹ́, àbí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wọn ìfúnpá yín. Ẹ lo oògùn yín. Ẹ jẹ́ kí ara sinmi: ẹni tó ń na etí sí ewu lójoojúmọ́, ara rẹ̀ ló ń bà jẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí èèyàn bá yín ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ ní. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń sọ pé “ó kù díẹ̀”.

Igi kan kì í dágbó ṣe.