Àìdan Inú Omi Ẹja

Àlọ́ mi ò rìn jìnnà, inú àpótí dígí ẹja ló rì sí.

Onílé kó èso àìdan gbígbẹ síbẹ̀, omi sì pọ́n bí àgbo. Ológbò wí láti ìta dígí pé, "Ẹja arẹwà, ta ló lè rí ẹ nínú ìdọ̀tí yìí?" Ni Ẹja bá ń fẹnu ti àìdan sókè, Ológbò ń fọwọ́ kó o sọnù.

Ìgbín, àgbà inú omi, kọrin títí ó fi sú u:

Ẹja, fi àìdan sílẹ̀.
*Àìdan.*
Omi pípọ́n ló fi wá pamọ́.
*Àìdan.*

"Baba, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí mi," ni Ẹja wí.

Nígbà tí àìdan tán, Onílé pààrọ̀ omi, ó mọ́ gaara. Ológbò gbé Ẹja mì. Àbúrò Ẹja sáré sídìí dígí: "Baba, èmi ni Ológbò ń wò báyìí."

Ìgbín wọ ìkarahun rẹ̀, kò kọrin mọ́.