Ìlà Òkè àti Ìlà Ìsàlẹ̀

Bàbá Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè jókòó jẹ́ẹ́ kí ọkàn wọn sinmi. Ilé ìwòsàn ńlá kan ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn aláìsàn wọn nírú ẹ̀, iṣẹ́ yẹn ló sì gbójú lé. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ wá kí àwọn fi ẹ̀rọ wo bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣe, kó mú ẹnì kan tí kò mọ irú ẹ̀ ṣe dání, kí àwọn lè fi wéra. Ó mú ìyàwó rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀. "Dókítà, ẹ má retí nǹkan kan lọ́dọ̀ Màmá wọn yìí o. Ọkàn ẹ̀ kì í sinmi. Mo kọ́ ọ títí, ó sú mi."

"Bàbá wọn, mo..."

"Ẹ ò rí nǹkan! Kò lè ṣe sùúrù!"

Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, dé àwọn méjèèjì ní fìlà oníwáyà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí àgbọ̀n bá mì báyìí, ìlà tí ẹ̀rọ ń fà fún ọpọlọ yín á bàjẹ́."

Bàbá ní òun kọ́ ló yẹ kí wọ́n sọ ìyẹn fún, ó sì ṣàlàyé ìdí ẹ̀ títí dókítà fi tún bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ó ká ẹsẹ̀ kò, ó dijú.

Nígbà tó yá, ó la ojú kan. Ìlà méjì ló ń lọ lójú ẹ̀rọ. Ti ìsàlẹ̀ ń fò sókè sódò wìtìwìtì. Ti òkè ń lọ jẹ́jẹ́, ó fẹ̀, ó tutù. Inú Bàbá dùn ṣìnkìn. Ó káàánú ìyàwó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro irú aṣọ funfun tí òun máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tuntun.

"Háà!" ni dókítà wí nígbà tó ṣí fìlà wọn. "Látìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò rí irú ìsinmi báyìí rí. Ẹ wo ìlà òkè yìí!"

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun," ni Bàbá dáhùn. "Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà mí kí n tó..."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Mọ́mì ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ló ni ìlà òkè." Ó kọjú sí obìnrin náà. "Mọ́mì, kí lẹ ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan o, ọmọ mi," ni ìyàwó wí, ó ń nu ojú rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, "látọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, òní ni Bàbá wọn kọ́kọ́ pa ẹnu mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá fìlà yẹn padà sí i lórí."