Ojú Màmá Mi Nínú Fọ́tò

Ọjọ́ìbí ọgọ́rin ọdún màmá mi ni mo fẹ́ ṣe ní Ọgbà Àṣà Wa. Ẹ̀rọ agbàlejò wọn ti bá wa mú yàrá tó kọjú sí odò, ó ti ṣètò iyán àti kéèkì. Ló bá fi kámẹ́rà wo ojú wa, ó sì gbé fọ́tò ọjọ́ náà jáde, ọjọ́ tí kò tíì dé.

Màmá mi ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, àmọ́ ojú wọn jọ̀lọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Àbàjà wọn ti pòórá. Màmá tó jókòó tì mí ń fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

"Ta ló ní kó o pa ilà ojú ìyá mi rẹ́?" Mo jágbe mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú, sà. Ọgbẹ́ ni kámẹ́rà wa ń pè é, ó sì máa ń wo ọgbẹ́ sàn. Kí Màmá fi àtíkè bò ó lọ́jọ́ náà, kí géètì wa tó ń fi fọ́tò yìí dá àlejò mọ̀ lè jẹ́ kí wọ́n wọlé."

"Ère ẹnu géètì yín ńkọ́? Ṣebí àbàjà ló wà lójú òun náà! Ó wà lára abọ́ oúnjẹ yín!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, àwọn àlejò fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. A tiẹ̀ ní àbàjà onírọ́bà tí àwọn ọmọdé ń lẹ̀ mọ́jú ya fọ́tò. Ṣé kí n fi ọ̀kan kún un fún Màmá?"