Òórùn Àpótí Ẹja Ilé Kam-tong

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì o, ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé tóóró. Sau-ha tó ń ha ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ní ọjà Sham Shui Po ní Hong Kong ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé Kam-tong.

1.
Kam-tong kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ ojú ń kán an láti là. Ó yá owó pósí tí ìyá rẹ̀ ti ń tọ́jú pamọ́ ọjọ́ pẹ́, ó ní òun á dá a padà kí ọdún tuntun tó dé. Kí ló fi rà? Àpótí gíláàsì ńlá àti ẹja ẹ̀ṣọ́, pupa mẹ́jọ, dúdú kan. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni oríire ṣe ń wọlé.

Ẹni tó ta ẹja kìlọ̀ fún un: "Ọ̀gá, omi tuntun ò tíì lè gba ìdọ̀tí gbogbo wọn. Ẹ fi méjì síbẹ̀ ná, kẹ́ ẹ ní sùúrù."

Kam-tong rẹ́rìn-ín. "Ṣé méjì-méjì loríire máa ń wọlé ni?"

2.
Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀ ló gbé àpótí náà sí, torí kò sáyè níbòmíì. Ó ń da oúnjẹ sí i ṣáá kí ẹja lè sanra. Èyí tó bá kú, á ní ibi ló gbé lọ fún wa, á sáré ra òmíràn kí iye má baà dín. Oúnjẹ jẹrà sábẹ́ òkúta. Ilé ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́.

"Bàbá olóríire," Wai-sim ìyàwó rẹ̀ pè é, "àwọn aládùúgbò ń bi mí bóyá eku kú sílé wa."

"Sọ fún wọn pé owó ló ń rùn."

Ìyá ní, "Kam-tong, da omi yẹn nù. Ó ń ta mí nímú."

"Màmá, ẹ dákẹ́. Ẹnu yín ló máa lé oríire lọ."

3.
Ìjì ńlá dé, kò síṣẹ́. Wọ́n ti fèrèsé pa, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ yíká. Òórùn wá há mọ́lé, Kam-tong fúnra rẹ̀ fẹ́ bì. Ó kó ẹja sínú garawa, ó gbọ́n omi kúrò, ó da bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sínú àpótí. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún da oògùn ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àpótí náà hó. Èéfín tó jáde kò pọ̀, àmọ́ ó dà bí ìgbà tí wọ́n ta ata síni lójú àti lọ́fun.

"Màmá! Màmá, ẹ dìde!"

Ìyá ò lè dìde. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ò wọlé. Kam-tong ń fi èékánná ya téèpù, ó ń ké bí ọmọdé, téèpù ò ya. Sau-ha gbọ́ igbe, ó já wọlé. Òun àti Wai-sim ló fa ìyá jáde sórí àtẹ̀gùn. Igi ti wó dí ojú títì, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ò tètè dé. Sau-ha ní ètè ìyá ti ń dúdú lójú òun.

4.
Ìyá ò kú. Àmọ́ àyà rẹ̀ bàjẹ́, ó ń dún fín-ín fín-ín tó bá ń mí. Kam-tong ń ru ẹrù ní èbúté lẹ́yìn iṣẹ́. Ọdún tuntun kọjá, òmíràn dé, kí owó pósí náà tó pé.

Ó kúnlẹ̀, ó fi owó náà lé ìyá lọ́wọ́. "Màmá, ẹ kà á."

Ìyá kà á, kò dé ìdajì tí èémí fi tán. Ó na ìyókù sí Wai-sim. Wai-sim bá a kà á tán.

"Ó pé," ni ìyá wí.

Ẹ gbọ́ o! Bí àpótí ẹja tuntun bá ń rùn, ẹ yọ òkú ẹja, ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ máa pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù. Ẹ má da oògùn ìfọ méjì pọ̀ láéláé. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fagbára mú ní í le koko.