Iyán Abẹ́ Agogo

"Má tíì gún un!" Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì gbá ọmọ odó mú lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Ọmọ́níyì, iṣu ń tutù!"

"Ṣe sùúrù. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì máa tó lù."

Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, bí odó rẹ̀ bá ti dún, gbogbo Òkè-Ìlá a wá kí i, inú rẹ̀ a sì máa dùn. Ní báyìí, owó oṣù ti di owó ìfẹ̀yìntì tín-ín-rín, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá kí i kò bá a fẹ̀yìn tì.

Agogo bú sókè.

"Ó yá!"

Ìyàwó rẹ̀ ki ọmọ odó bọnú odó, ó ń gún iṣu kíkankíkan. Agogo kì í pẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ tòní kò dákẹ́ títí iyán fi kúnná. Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe gbé ọmọ odó sílẹ̀ báyìí ni agogo dákẹ́ wẹ́.

"Ọlọ́run ò sùn," ni akọ̀wé wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ló máa gbọ́?

Wọn kò tíì bu ọbẹ̀ tí ẹnìkan fi kanlẹ̀kùn. Adébíyìí ni, alágogo ṣọ́ọ̀ṣì, òógùn ti bò ó.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Láti òkè ilé agogo ni mo ti ń wo ẹ̀yìnkùlé yín. Mo rí i pé Ìyá ò tíì gún un tán, ni mo ṣe ń fa okùn agogo lọ." Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, omi ìfọwọ́ dà?"