Ọkọ Ò Fọwọ́ Sí I

Àwọn aládùúgbò ló gbé Àánúolúwapọ̀ wọ kílíníìkì nínú ìrọbí. Kò tíì pẹ́ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Anoumabo, kò gbọ́ Faransé, nítorí náà Adéfọlákẹ́, àgbà nọ́ọ̀sì, ló ń ṣe ògbufọ̀.

"Ọkọ mi kìlọ̀ pé n ò gbọdọ̀ dé kílíníìkì yìí láéláé," ni aboyún náà ń sọ bó ṣe ń jẹ̀rora. "Ó ní ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ibí ò mọṣẹ́."

Adéfọlákẹ́ ń tẹ́tí sí ọkàn ọmọ inú. Lílù rẹ̀ ti ń lọlẹ̀.

Dókítà Serge ní iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ pe ọkọ. Àánúolúwapọ̀ fi fóònù tirẹ̀ pè é, ó sì tú ohùn sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́. Fáànù kan ń ró kọ̀-kọ̀-kọ̀ lẹ́yìn ọkùnrin náà.

"Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, ní pọ́ọ̀tù. Níbo lo wà?"

"Kílíníìkì etí ọjà. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi."

"Ibẹ̀ kẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ọ́ níbẹ̀! Mi ò fọwọ́ sí i! Kí wọ́n gbé ọ jáde kíá!"

Ó pa fóònù. Inú bí Adéfọlákẹ́ débi pé ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú kó má baà ṣubú. Obìnrin ń kú lọ, ọkùnrin ń pàṣẹ!

"Il dit quoi?" ni dókítà fi béèrè ohun tí ọkọ sọ.

Adéfọlákẹ́ nìkan ló gbọ́ èdè méjèèjì nínú yàrá náà. Bó bá ní kí wọ́n dúró de ọkọ, kò sẹ́ni tí yóò dá a lẹ́bi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

"Il refuse," ó ní ọkọ kọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ aboyún náà. "Ìwọ lo ni ara rẹ. Kí lo fẹ́?"

"Ẹ gbà wá, mà. Ẹ ṣe é."

"Elle accepte. Ça suffit." Ó sọ fún dókítà pé obìnrin náà gbà, ìyẹn sì tó.

"Et si le mari vient faire palabre?" Dókítà ń bẹ̀rù kí ọkọ má wá dá wàhálà sílẹ̀.

"Kó wá!" Yorùbá ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ló máa bá!"

Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé irinṣẹ́ lé dókítà lọ́wọ́ títí ọmọ fi ké.

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilé yín dàrú, mà," ni Àánúolúwapọ̀ wí.

Adéfọlákẹ́ ò ṣe àmín. Ó lọ bọ́ aṣọ iṣẹ́.

Fáànù ilé rẹ̀ ṣì ń ró kọ̀-kọ̀-kọ̀ nígbà tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ò lè wo ojú rẹ̀, Adéfọlákẹ́ sì kí i pé: "Bàbá Déborah, ẹ kú ewu ọmọ o, obìnrin ni ìyàwó yín bí."