Tíṣà Kò-Sí-Ìyàtọ̀

Tíṣà tí kì í kàwé ni Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí, kì í sì í gbà láé pé òun ṣe àṣìṣe. Ọ̀lẹ ni, agbéraga sì ni. Lítíréṣọ̀ Yorùbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àṣejáde ní ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń gbowó oṣù lórí iṣẹ́ tí kò ṣe.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìwé tí wọ́n yàn fún ìdánwò àṣekágbá ni ìtàn ọmọbìnrin kan, Moróhunfọ́lá, bó ṣe dàgbà láti kékeré títí ó fi di ẹni tó ń dá dúró. Wọ́n ti fi ìwé náà ṣe fíìmù. Ohun tí wọ́n ní kí tíṣà ṣe kò le: kó bá àwọn ọmọ ka ìwé, kó jẹ́ kí wọ́n wo fíìmù, kí wọ́n sì jọ wá ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀. Májẹ́kódùnmí wo fíìmù náà lórí fóònù rẹ̀ ní Sátidé kan, ó kọ nóòtì ojú ìwé mẹ́rin, iṣẹ́ parí.

"Ohun tó wà nínú ìwé náà ló wà nínú fíìmù," ló sọ fún wọn. "Kò sí ìyàtọ̀. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú."

Ṣùgbọ́n Hussainat, ọmọ Obbo-Ilé, ti yá ìwé náà, ó ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti wo fíìmù rẹ̀. Tíṣà lòun náà fẹ́ dà. Yunifásítì kan ti fún un láyè láti kọ́ èdè Yorùbá, bó bá ṣáà ti yege nínú iṣẹ́ yìí. Ó nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, nóòtì wa sọ pé ìyá àgbà Moróhunfọ́lá ló kú. Nínú ìwé, ìyá tó bí i ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Yèyé ni ìwé pè é, sà. Ìyá ẹni là ń pè ní yèyé níbí. Àwọn onífíìmù ni kò mọ̀, wọ́n wá fi arúgbó ṣe é."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọmọ Ọ̀sì ni Májẹ́kódùnmí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ kíláàsì, ńṣe ló máa ń ṣe bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn. Ẹ̀rín yẹn bí i nínú.

"Wo ọmọ oko yìí! Èdè ìgbẹ́ yín lo fẹ́ fi kọ́ mi níṣẹ́ mi? Kúnlẹ̀ síbẹ̀!"

Qudrah tó jókòó tì í sọ ọ́ sí i létí pé, "Mo ní kóo panu mọ́. Ṣé ìwọ lò ń pín máàkì ni?"

Kò mọ síbẹ̀. Nínú ìdánwò ìdajì sáà, Hussainat kọ ohun tó kà, òdo ló gbà. Májẹ́kódùnmí ní òun kò ní fi máàkì kíláàsì ọmọ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò àṣekágbá rárá. Ìyá ọmọ náà, Fàósátù, fi ẹ̀gẹ́ tó ń bó fún gàrí sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà wá, ó kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú ọkùnrin tí òun fúnra rẹ̀ dàgbà jù.

"Tíṣà, nítorí Ọlọ́run, ẹ má bínú. Ọmọdé ló ń ṣe é."

"Ẹ sọ fún un kó kọ ohun tí mo kọ́ wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdí ẹ̀gẹ́ yín ni yóò padà sí."

Bí òun àti ìyá rẹ̀ ṣe ń padà sílé, Hussainat ní, "Yèyé mi, irọ́ ló wà nínú nóòtì yẹn o."

"Mo gbọ́. Kọ irọ́ náà fún un. Bóo bá dé yunifásítì, kóo máa kọ òótọ́."

Ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá pé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n sọ ìyàtọ̀ mẹ́ta tó wà láàrin ìwé náà àti fíìmù tí wọ́n fi ṣe. Hussainat mọ méje. Ṣùgbọ́n máàkì kíláàsì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Májẹ́kódùnmí. Ó rántí ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ó wá kọ ohun tí gbogbo kíláàsì kọ: kò sí ìyàtọ̀.

Gbogbo wọn ló fìdí rẹmi. Àwọn òbí ya lu ilé ẹ̀kọ́, ìjọba sì rán alábẹ̀wò kan wá, Ìyáàfin Olóyèdé. Ó pe Májẹ́kódùnmí síwájú gbogbo wọn.

"Ta ló kú nínú ìtàn yìí?"

"Ìyá àgbà ni, mà. Yèyé."

"Ìlú wo lẹ ti wá?"

"Ọ̀sì, mà."

"Kí lẹ ń pe ìyá tó bí yín?"

Fàósátù ló dáhùn látẹ̀yìn: "Yèyé ló ń pè é! Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń ná ọjà Ọ̀sì. Tíṣà, àṣé o mọ ohun tó ń jẹ́ yèyé!"

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n já Májẹ́kódùnmí wálẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ipò igbákejì ọ̀gá tó ti ń retí bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Inú yàrá kan tí wọ́n ń kó àga tó kán sí ló ń jókòó sí báyìí, kò lọ́mọ kankan tó ń kọ́. Bó bá sì dé gáréèjì, àwọn tó kọ́ rí ni yóò máa kígbe pé, "Tíṣà Kò-Sí-Ìyàtọ̀, ẹ káàbọ̀ o!" Kì í lè wojú wọn. Ṣùgbọ́n owó oṣù rẹ̀ ṣì ń wọlé. Àyè Hussainat ní yunifásítì ti di ti ẹlòmíràn, ìdí ẹ̀gẹ́ ló sì wà bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa ni pé olùkọ́ tí kò kàwé tó ń kọ́ni, olè ni, ọjọ́ iwájú ọmọ ọlọ́mọ ló ń jí. Ẹni tó bá ń fi èdè ìyá rẹ̀ ṣẹ̀sín kí wọ́n lè pè é ní ọ̀mọ̀wé, ìtìjú ni yóò gbà lérè. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ yé kúnlẹ̀ fún irọ́. Ọmọ tó bá mọ òótọ́, ẹ dúró tì í, torí ìyà tí wọ́n bá fi jẹ òpùrọ́ lẹ́yìn náà kò lè dá ọdún tó sọnù padà fún ọmọ yín.